Ilé tí báńkì ń tà nítorí gbèsè: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa ìwé ilẹ̀ àti ọ̀nà tó wọ ilé kẹ́ ẹ tó sanwó

Ilé tí báńkì ń tà nítorí gbèsè kì í sábà wọ́n tó ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá wá jẹ́ ilé tí ayálégbé ti kún inú rẹ̀, olùrà á ti máa ṣírò owó ilé tó máa wọlé kó tó dé ọ̀dọ̀ lọ́yà. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Lágbègbè FUTA ní Àkúrẹ́, nítòsí Adéyẹmí àti UNIMED ní ìlú Oǹdó, àti ní Ìlárá-Mọ̀kín tí Elizade University wà, ilé táwọn èèyàn kọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ lè máa yá gbé pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n fi owó àpò ara wọn kọ́.

Ẹ̀yìn tí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ olùrà tán ni ọ̀rọ̀ máa ń dìdàkudà. Ọmọ onígbèsè á gbé ìwé kóòtù wá pé ilé bàbá àwọn kò ṣeé tà. Ẹbí tó ni ilẹ̀ á ní àwọn ò mọ̀ nípa báńkì kankan. Aládùúgbò tó wà níwájú á mọ ògiri dí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé, á ní ìyọ̀ǹda lásán lòun ṣe fún lánlọ́ọ̀dù àná, òun ò bá ẹni tuntun ṣàdéhùn. Báńkì ní tiẹ̀ á fa ìwé àdéhùn yọ, á nàka sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé bí ilé náà ṣe rí làwọn ṣe tà á.

Gbogbo wàhálà yìí ló ní ojútùú, àmọ́ kí olùrà tó sanwó ni ojútùú rẹ̀ rọrùn. Tó bá ti sanwó tán, ó di ẹjọ́ ọlọ́dún gbọọrọ. Ohun tó wà nídìí gbogbo ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: báńkì ò lè ta ju ohun tí onígbèsè ní lọ. Bí onígbèsè ò bá ní àṣẹ lórí ilẹ̀, báńkì ò ní. Bí onígbèsè ò bá ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀nà, báńkì ò rí ẹ̀tọ́ kankan tà.

Ọwọ́ wo ni báńkì fi di ilé náà mú?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí olùrà bi báńkì nìyí, ìdáhùn ẹnu lásán ò sì tó. Kí báńkì mú ìwé jáde.

Bí onígbèsè bá fọwọ́ sí ìwé mọ́gèèjì tí wọ́n ṣe ní ìlànà Deed, tí wọ́n san owó sítáǹbù rẹ̀, tí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ìjọba ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ ní Àkúrẹ́, báńkì lágbára láti ta ilé náà láì kọ́kọ́ lọ sí kóòtù. Òfin tó ń darí èyí ni Property and Conveyancing Law ti 1959, òfin Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́ tí ìpínlẹ̀ Oǹdó jogún. Òfin náà ní kí báńkì kọ́kọ́ kọ̀wé sí onígbèsè pé kó san gbèsè, kó sì dúró oṣù mẹ́ta. Tàbí kó jẹ́ pé èlé owó ti wọ gbèsè oṣù méjì. Tàbí kí onígbèsè ti yẹ àdéhùn míì tó wà nínú ìwé náà. Ìwé mọ́gèèjì fúnra rẹ̀ lè yí díẹ̀ nínú èyí padà, torí náà ẹ kà á dé òpin.

Òfin yẹn tún dáàbò bo olùrà dé ìwọ̀n kan. Bí báńkì ò bá tẹ̀lé ìlànà ìkìlọ̀ dáadáa, ẹni tó ra ilé láì mọ̀ kì í pàdánù rẹ̀ nítorí ìyẹn nìkan. Báńkì ni onígbèsè máa pè lẹ́jọ́ fún owó gbà-má-bínú. Lọ́dún 1973, nínú ẹjọ́ Eka-Eteh àti Nigeria Housing Development Society, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé pé wọ́n ta ilé lówó pọ́ọ́kú nìkan kò tó láti dá títà náà padà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé jìbìtì wà níbẹ̀, tàbí pé ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á jọ gbìmọ̀ pọ̀. Àmọ́ bí olùrà bá mọ̀ pé nǹkan kan ò tọ́, tó wá dijú sí i, ààbò yẹn ò sí fún un mọ́. Máníjà báńkì tó bá fẹ́ fi orúkọ àbúrò rẹ̀ ra ilé, kí wọ́n má bá a dá sí i.

Ẹ tún rántí pé títí dìgbà tí báńkì àti olùrà bá fọwọ́ sí àdéhùn títà, onígbèsè ṣì lè san owó rẹ̀, kó sì gba ilé rẹ̀ padà. Bó ṣe wà nínú òfin nìyẹn. Ẹni tó ti san owó ìdíyelé fún ejẹ́ńtì kó tó dìgbà náà lè máa wá owó kiri.

Oríṣi kejì ni ibi tí olùyáni ti gba ìwé ilé nìkan sọ́wọ́, tí wọn ò ṣe mọ́gèèjì kankan. Àwọn báńkì kéékèèké àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ máa ń ṣe èyí, torí kò ná wọn lówó. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ lórí ilé náà lóòótọ́, àmọ́ bí wọn ò bá ní Deed tó fún wọn lágbára títà, kóòtù ló gbọ́dọ̀ pàṣẹ kí wọ́n tó lè tà á. Ẹni tó bá rà á láìsí àṣẹ kóòtù, ìwé inú dúrọ́ọ̀ ló rà, kò tíì ra ilé.

Ìkẹta ni ilé tí kóòtù tà ní gbàǹjo nítorí pé ẹnì kan jàre ẹjọ́, tí ẹni tó jẹ̀bi ò rówó san. Òfin Sheriffs and Civil Process ló ń darí ìyẹn. Kóòtù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fàyè gbà á kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilé, nítorí pé ẹrù tó ṣeé gbé ni wọ́n ń kọ́kọ́ tà. Lẹ́yìn gbàǹjo, ọjọ́ mọ́kànlélógún wà tí onígbèsè tàbí ẹlòmíì tọ́rọ̀ kàn lè fi sọ fún kóòtù pé wọ́n ṣe àṣìṣe ńlá nínú títà náà. Ìgbà tí ọjọ́ yẹn bá kọjá láìsí awuyewuye ni kóòtù á fún olùrà ní ìwé ẹ̀rí. Kí ẹnikẹ́ni má tíì kan ayálégbé lójú kó tó gba ìwé ẹ̀rí náà.

AMCON náà ń ta ilé. Òfin 2010 ló dá àjọ yẹn sílẹ̀ kó lè gba gbèsè tó bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn báńkì, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ báńkì fẹ́ẹ̀ẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ní 2009. Ilé tó bá tọwọ́ AMCON wá náà nílò àyẹ̀wò kan náà, torí gbèsè ló gbà, kò sọ ìwé tí kò dáa di èyí tó dáa.

Ìdógò tiwa-n-tiwa yàtọ̀ pátápátá, àwọn tó ní oko kòkó sì mọ̀ ọ́n dunjú. Ẹni tí wọ́n fi ilẹ̀ tàbí oko dógò fún lè máa jẹ èso rẹ̀, àmọ́ kò lè tà á láéláé. Bó pẹ́ bó yá, ẹbí tó fi í dógò tàbí ọmọ ọmọ wọn lè gbé owó wá, kí wọ́n gba ilẹ̀ wọn. Bí ilé kan bá wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi dógò báyìí, tí ẹni tó gbà á dógò tún wá gbé e fún báńkì, ẹ yẹra.

Ìfọwọ́sí gómìnà

Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, 1978, tí Land Use Act ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo ilẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ kan wà níkàáwọ́ gómìnà ìpínlẹ̀ náà. Abala 22 òfin yẹn ní ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á, kò sì gbọdọ̀ fi í ṣe mọ́gèèjì láìgba ìfọwọ́sí gómìnà. Abala 26 ní àdéhùn tó bá ta ko òfin náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹjọ́ tó jẹ́ kí báńkì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ni ti Savannah Bank àti Ajilo, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá lọ́dún 1989. Wọ́n ti fi ilé dúró fún gbèsè lọ́dọ̀ báńkì náà. Nígbà tí báńkì fẹ́ tà á, onílé gba kóòtù lọ, ó ní mọ́gèèjì tí òun fúnra òun fọwọ́ sí kò dúró, torí kò sí ìfọwọ́sí gómìnà níbẹ̀. Báńkì ní ilẹ̀ náà ti wà lọ́wọ́ ẹni kí òfin 1978 tó dé, pé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò nílò ìfọwọ́sí. Àwọn adájọ́ ní ó nílò rẹ̀. Onígbèsè ló jàre, báńkì ò rí ilé tà.

Ìdájọ́ yẹn bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú, torí ó dà bíi pé ẹni tó jẹ owó tán ni wọ́n tún fi òfin gbè. Àwọn ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e dẹ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀. Lọ́dún 1995, nínú ẹjọ́ Awojugbagbe Light Industries àti Chinukwe, ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé kò burú kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé, kí ìfọwọ́sí gómìnà tẹ̀ lé e. Lọ́dún 1996, nínú ẹjọ́ Ugochukwu àti Co-operative and Commerce Bank, ó ní onígbèsè tó yẹ kó gba ìfọwọ́sí ò lè wá fi àìgbà á jàre. Kí olùrà má wá torí ìyẹn fọkàn balẹ̀ o. Ẹni tó bá fẹ́ jà ṣì lè fi ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí dá ilé dúró sí kóòtù fún ọdún púpọ̀.

Ìfọwọ́sí méjì ló yẹ kí ẹ wá: èyí tí gómìnà fi jẹ́ kí onígbèsè gbé ilé fún báńkì, àti èyí tí yóò jẹ́ kí báńkì gbé e fún yín. Bó bá jẹ́ kọmíṣọ́nnà ló fọwọ́ sí i, kò burú, torí abala 45 jẹ́ kí gómìnà yan agbára náà fún un. Kí ìwé ṣáà fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ní Ìlárá-Mọ̀kín àti àwọn ìlú tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ́rẹ, ẹ lè bá ilé tí kò ní C of O rárá, tó jẹ́ ìwé tí ẹbí kọ àti sọ́fè nìkan ló ní. Bó bá jẹ́ ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ ni onílé ní sí ilẹ̀ náà, abala 21 ló kàn án. Ìjọba ìbílẹ̀ ló máa fọwọ́ sí i pé kí ilẹ̀ náà gba ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíì, olú iṣẹ́ ti Ifẹ́dọ́rẹ sì wà ní Ìgbàrà-Òkè. Àmọ́ bó bá jẹ́ kóòtù ló tà á nítorí gbèsè, gómìnà ló máa fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ ìyàtọ̀ yìí.

Ta ló ni ilẹ̀ kó tó kan onígbèsè?

Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín kọ̀wé béèrè láti wo fáìlì ilẹ̀ náà ní Àkúrẹ́. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí i bóyá báńkì míì ti kọ́kọ́ di ilé náà mú, bóyá ẹnì kan ti kọ̀wé ìkìlọ̀ sí i, tàbí bóyá kóòtù ti pàṣẹ lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ló ni ilé, ẹ wo àkọsílẹ̀ CAC pẹ̀lú, torí òfin ní kí ilé-iṣẹ́ forúkọ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan lọ wo ìwé ẹjọ́ ní kóòtù gíga àti kóòtù ìbílẹ̀ tó wà lágbègbè náà. Ẹni tó bá ra ilé nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lórí rẹ̀, ohun tí kóòtù bá sọ níkẹyìn máa de òun náà, kódà bó bá ní òun ò gbọ́.

Ní Amẹ́ríkà, olùrà sábà máa ń sanwó ìdójútòfò lórí ìwé ilé rẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò lè gbà á sílẹ̀ bí ìwé náà bá lábùkù. Níhìn-ín, irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Owó tẹ́ ẹ san fún àyẹ̀wò ni ìdójútòfò yín.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí ni onígbèsè rà, ẹ wo ẹni tó fọwọ́ sí ìwé náà. Ìdájọ́ 1959 nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ṣì lágbára: bí olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsí àwọn àgbà ẹbí níbẹ̀, wọ́n lè lọ fagi lé e, bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹbí ló tà á láìsí olórí ẹbí, kò tiẹ̀ dúró láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé agbára tí ẹnì kan fún ejẹ́ńtì pé kó ṣojú òun kì í ṣe ìwé ilẹ̀ o, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Ude àti Nwara ní 1993. Ó yani lẹ́nu pé wọ́n ṣì ń fi irú ìwé yẹn yáwó.

Àbùkù ìwé kì í sábà ju ohun tó ṣeé tún ṣe lọ. Bí ẹbí ò bá fọwọ́ sí i dáadáa, ẹ lè ní kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí ìwé tuntun tó fìdí títà àtijọ́ múlẹ̀. Bí sọ́fè bá ní àṣìṣe, wọ́n lè ṣe ìwé àtúnṣe. Bí onígbèsè ti kú, ẹ béèrè ẹni tí kóòtù fún láṣẹ lórí ogún rẹ̀. Bí báńkì àtijọ́ kan ṣì wà nínú fáìlì, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé òun ti jọ̀wọ́ ilé náà. Kí báńkì tó ń tà á ló ná owó ọ̀hún tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú iye tẹ́ ẹ máa san, ìyẹn dọwọ́ ìdúnàádúrà.

Ọ̀nà tó wọ ilé

Apá yìí làwọn èèyàn máa ń fojú fò, bẹ́ẹ̀ òun ló lè sọ ilé yàrá méjìlá di ilé tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ yá.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Lánlọ́ọ̀dù kan ní pulọ́ọ̀tì méjì tó tẹ̀ léra ní Ìlárá-Mọ̀kín. Èyí tó kọjú sí títì ló kọ́ ilé tirẹ̀ sí, ó wá kọ́ yàrá méjìlá fún ayálégbé sórí èyí tó wà lẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá. Nígbà tó fẹ́ yáwó, ìwé pulọ́ọ̀tì ẹ̀yìn nìkan ló gbé fún báńkì. Kò rí gbèsè san, báńkì tà á. Ẹni tí ilé bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ló wá di aládùúgbò iwájú fún ẹni tó rà á, inú sì ń bí i. Lọ́jọ́ kẹta, ó kó búlọ́ọ̀kù wá.

Irú èyí, òfin wà lẹ́yìn olùrà. Ẹnì kan náà ló ni ilẹ̀ méjèèjì, òun ló sì gbé apá ẹ̀yìn fún báńkì. Òfin tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ò gbà kí èèyàn fi ọwọ́ kan fúnni ní ilẹ̀, kó fi ọwọ́ kejì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà míì rárá, kóòtù á gbà pé ẹ̀tọ́ àtikọjá wà níbẹ̀ bí wọn ò bá tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹjọ́ Wheeldon àti Burrows tí wọ́n dá ní England lọ́dún 1879 tún fi kún un pé ohun tó hàn sójú táyé, bí ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti là, tí ilẹ̀ náà nílò kó tó lè wúlò, tí ẹni tó ni méjèèjì sì ń lò nígbà tó ń gbé apá kan sílẹ̀, máa ń bá apá náà lọ.

Àmọ́ ẹ̀tọ́ yẹn ní ààlà. Bí ọ̀nà míì bá wà, kódà kó jẹ́ èyí tó jìn tó sì ń ṣẹrẹ̀ nígbà òjò, ẹjọ́ àìrọ́nà lè má rinlẹ̀.

Ẹ wá yí àpẹẹrẹ yẹn padà. Ká ní ẹlòmíì ló ni pulọ́ọ̀tì iwájú láti ìbẹ̀rẹ̀, tó kàn jẹ́ pé ó fojú àánú gba lánlọ́ọ̀dù ẹ̀yìn láyè kó máa kọjá. Ìyọ̀ǹda ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Ó lè gbà á padà, kò sì bá ilé lọ sọ́wọ́ olùrà. Kódà bí wọ́n bá ti lò ó fún ogún ọdún, ìbéèrè tí kóòtù máa bi ni pé ṣé wọ́n lò ó ní gbangba, láìfipá, láìtọrọ àyè? Lánlọ́ọ̀dù tó ń gbé ọtí lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ lọ́dọọdún ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìyọ̀ǹda lòun ń jẹ. Ìwà ọmọlúàbí ni, àmọ́ kì í bí ẹ̀tọ́.

Oríṣi kẹta ni èyí tí ọ̀nà náà wà nínú àwòrán ìlú tí ìjọba fọwọ́ sí. Ọ̀nà aráàlú nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ògiri sí i, ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí ètò ìlú lẹ máa fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Sọ́fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ ló lè sọ fún yín èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni tiyín. Kó gbé sọ́fè ilé náà dání, kó wá òpó sìmẹ́ńtì tó wà níbi ààlà, kó sì fi wé àkọsílẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ Surveyor-General. Yóò tún lè rí i bóyá ìjọba ti ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan.

Àwọn ayálégbé gan-an ló mọ̀ jù. Ẹ bi wọ́n: ibo ni táńkà omi ń gbà wọlé? Ọkọ̀ tó ń fa sòkàwéè ńkọ́? Ta ló ti lé wọn padà rí? Ẹ tún wo òkè àti ilẹ̀, torí wáyà iná, páìpù omi àti gọ́tà náà ń gba orí ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá. Ẹni tó rí ọ̀nà ẹsẹ̀ gbà, tí kò rí ti wáyà gbà, inú òkùnkùn ló máa sùn.

Bí ẹ bá rí i pé ìyọ̀ǹda lásán ni, ẹ lọ bá aládùúgbò náà sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó fún báńkì. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rà á tán, owó rẹ̀ á gbẹ́nu sókè. Ẹ lè ra ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ̀nà gbà kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, tàbí kó fún yín ní ẹ̀tọ́ àtikọjá nìkan, kí ilẹ̀ ṣì jẹ́ tiẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi ń ṣe èkejì ni wọ́n ń pè ní Deed of Grant of Easement. Kí ìwé náà ní àwòrán sọ́fíyọ̀ tó fi àwọ̀ hàn ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí. Kó sọ bó ṣe fẹ̀ tó ní mítà. Kó sọ bóyá ọkọ̀ lè kọjá tàbí ẹsẹ̀ nìkan, bóyá wáyà, páìpù àti gọ́tà wà lára rẹ̀, àti ẹni tó máa tún un ṣe bó bá bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni pé ó de ẹnikẹ́ni tó bá jogún tàbí tó bá ra ilẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn ọ̀la.

Bí ilẹ̀ aládùúgbò bá jẹ́ ti ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí òun náà bá ti fi ilẹ̀ tiẹ̀ dúró fún gbèsè, kí ẹni tó yá a lówó gbà pẹ̀lú rẹ̀, torí bí wọ́n bá ta ìyẹn náà lọ́la, àdéhùn yín lè di asán.

Bí ó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ má fi katakata wó ògiri ẹnikẹ́ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìjòyè àdúgbò tàbí ààfin Alárá lè pa á rẹ́, bí àwọn méjèèjì bá sì ti gbà, kí lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó túká. Bí kò bá ṣeé ṣe, kóòtù ló kù. Abala 39 Land Use Act gbé ẹjọ́ ilẹ̀ tó ní ẹ̀tọ́ tí gómìnà fúnni fún kóòtù gíga. Abala 41 gbé ti ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ fún kóòtù ìbílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń gbé lọ síbẹ̀ ni pé kí kóòtù kéde pé ẹ̀tọ́ wà, kó sì dá aládùúgbò lẹ́kun kó má dí i.

Ó tún wà nínú ọgbọ́n pé kí olùrà fi ọ̀nà náà sínú àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú báńkì: òun á parí owó nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí ìwé ọ̀nà, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dá owó ìṣáájú padà. Báńkì lè ṣagídí díẹ̀. Bí kò bá tiẹ̀ gbà, ó lè yọ owó.

Àwọn ayálégbé tẹ́ ẹ bá nínú ilé

Ríra ilé kò lé ayálégbé jáde. Ẹni tó rà á ló wọ bàtà lánlọ́ọ̀dù àná. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti san owó ọdún kan ṣíwájú á fẹ́ lo ọdún rẹ̀ tán, torí náà ẹ béèrè risíìtì wọn kẹ́ ẹ tó dúnàádúrà, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá ìwé mọ́gèèjì gba onígbèsè láyè láti gbé ilé fún ayálégbé rárá. Owó tí onígbèsè ti gbà jẹ kò ní wọ àpò yín mọ́, ó yẹ kó hàn nínú iye tẹ́ ẹ fẹ́ san.

Kí báńkì fún yín ní lẹ́tà tó sọ fún ayálégbé kọ̀ọ̀kan pé ẹ̀yin ni kí wọ́n máa sanwó fún. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan kó jáde, tí àdéhùn rẹ̀ ò sì sọ nǹkan míì, ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà ló wà fún ẹni tó ń san lọ́dọọdún, oṣù kan fún ẹni tó ń san lóṣooṣù. Lẹ́yìn ìyẹn, ìkìlọ̀ ọjọ́ méje pé ẹ fẹ́ lọ sí kóòtù. Yíyọ páànù orí ilé tàbí gígé iná wọn lè sọ yín di olùjẹ́jọ́.

Owó sísan àti ìwé gbígbà

Àkáǹtì báńkì tó ń tà á ni kí owó wọ̀, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ kankan, kì í sì í ṣe ti ejẹ́ńtì. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá parí owó, ẹ gba ìwé ilẹ̀ gidi tí onígbèsè kó fún báńkì, sọ́fè, ìwé mọ́gèèjì pẹ̀lú ìfọwọ́sí tó wà lórí rẹ̀, àti Deed of Assignment tí báńkì fọwọ́ sí. Láti ibẹ̀, lọ́yà á wá ìfọwọ́sí gómìnà, á san owó sítáǹbù, á sì forúkọ Deed náà sílẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ní 2017, nínú ẹjọ́ Benjamin àti Kalio, pé kóòtù lè gba ìwé ilẹ̀ tí wọn ò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Síbẹ̀, ìwé tí kò sí nínú fáìlì ìjọba, ẹni tó bá wá wo fáìlì lẹ́yìn yín ò ní rí i.

Ìwé ọ̀nà náà ní láti wọ inú fáìlì, nínú fáìlì ilẹ̀ yín àti ti aládùúgbò iwájú bí ó bá ní. Ẹ ní kí lọ́yà gba ẹ̀dà tí wọ́n ti tẹ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ sí, kẹ́ ẹ fún aládùúgbò ní ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì so ọ̀kan mọ́ Deed of Assignment tiyín.